Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìyẹ̀fun: Ìgbésí Ayé Màmá Sulika Elkayam ti Jọ́pà (1943–2025)

Ìbùkún ni fún Onídàájọ́ òtítọ́, ẹni tí ó fúnni tí ó sì gbà padà. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Ilẹ̀kùn Àánú, ẹ̀yin aládùúgbò wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ti mọ́sáláṣí wá bá wa dúró létí ibojì yìí, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Lọ́jọ́ tí a sin Màmá, kò sí àyè láti kọ nǹkan kan, nítorí àwa Júù kì í jẹ́ kí òkú wa sùn mọ́jú lókè eèpẹ̀. Òwúrọ̀ ló kú. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà nínú ilẹ̀. Lónìí tí ó pé ọgbọ̀n ọjọ́, tí a gbé òkúta lé e lórí, ni àwa ọmọ rẹ̀ ráyè sọ irú ẹni tí ó jẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló sì pàṣẹ bí a ó ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ má purọ́ mọ́ mi lórí ibojì o. Bí ẹ bá ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀, ẹ ka ibi tí mo ti dákẹ́ mọ́ ọn." Àṣẹ ìyá kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. A ó kà á.

A bí Sulika ní oṣù kẹta ọdún 1943 ní ìlú Sefrou, ní orí òkè ilẹ̀ Mòrókò. Bàbá rẹ̀ ni Yahya Bensusan, aránṣọ gàárì ẹṣin. Ìyá rẹ̀ ni Hanina, obìnrin tí ó mọ Sáàmù lórí láìmọ̀wé kà. Odò kan la àárín àdúgbò àwọn Júù kọjá, bí òjò bá sì pọ̀, inú yàrá ló ń bá onílé. Bí Ìyá Hanina bá ń gbé ọmọ rẹ̀ jó, báyìí ló ṣe ń kì í:

Sulika ọmọ Bensusan,
ọmọ odò tí ń kún wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
ọmọ a-ran-gàárì-f'ẹ́lẹ́ṣin tí kò ní ẹṣin,
ọmọ igi eléso pupa tí ń pọ́n kí ẹyẹ tó jí.
Bí o bá ń lọ, mú iyọ̀ dání.
Bí o bá dé, má ti ilẹ̀kùn.

Ọdún díẹ̀ ló lò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀kọ́ tó kù, ẹ̀gbẹ́ ààrò ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ pé ní gbogbo ọjọ́ Àjọ̀dún Ìrékọjá, ìwúkàrà kankan kò gbọdọ̀ sí nínú ilé Júù, àní èérún búrẹ́dì. Nítorí náà, bí àjọ̀dún bá parí ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tí wọ́n lè fi po ìyẹ̀fun. Lalla Zhor, Mùsùlùmí tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ni yóò gbé àwo wá: ìyẹ̀fun, ìwúkàrà, oyin, àti ewé ẹ̀wà tútù lórí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni à ń pè ní Mímúnà. Kò sí ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn. Ìyá Hanina máa ń sọ pé ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ní Mímúnà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lé oríire sẹ́yìn.

Ní ọdún 1955, ìdílé Bensusan wọ ọkọ̀ ojú omi. Inú àgọ́ aláṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó dé Jọ́pà. Ní ọdún 1962, Sulika fẹ́ Makhluf Elkayam, ajórin ní èbúté, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ilé olókùúta kan ni ìjọba kó wọn sí. Onílé, ìdílé Palẹ́sítínì kan, ṣì wà lókè. Ní ọdún 1948, nígbà tí ogun lé àwọn ará Jọ́pà sí òkun, ìyá àgbà ilé náà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, Nazmiyya, ó bá ọkọ̀ lọ sí Gásà pé àwọn yóò padà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn kò padà. Ìyá Nazmiyya àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Rudayna, àbúrò Nazmiyya, ló kù lókè. Yàrá tí wọ́n bí Nazmiyya sí ni Màmá bí àwa náà sí. A kò gbọ́ èyí lẹ́nu Màmá nígbà tí a wà ní kékeré. Òun náà kò tètè mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1964, oyún Asher wà nínú rẹ̀, àjọ̀dún ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó tẹ́ tábìlì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó. Kò sí Lalla Zhor. Ó bú sẹ́kún. Ọmọbìnrin kan sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Rudayna nìyẹn, ọmọ ọdún méjìdínlógún.

"Ìyá mi ní kí n béèrè, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìyẹ̀fun ni mi ò ní."

"Ìyẹ̀fun! Ìyẹ̀fun lò ń sunkún sí báyìí? Ìwọ aboyún yìí, bí epo bá wá tán ńkọ́, ṣé òkun lo máa bẹ́ sí ni?"

Èdè Lárúbáwá ti Mòrókò pàdé èdè Lárúbáwá ti Jọ́pà. Ìdajì ni wọ́n gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹkún kò ní ògbufọ̀. Rudayna sáré gòkè, ó gbé àwo ìyẹ̀fun wá. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí kò gbé e wá. Nígbà tí ó bí àkọ́bí tirẹ̀, ó di Ìyá Ghassan. Màmá di Ìyá Asher. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn nìyẹn títí ọjọ́ alẹ́.

Rábì Hayyim Dadon, olórí ìjọ wa, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín. Àṣà wa ni pé kí àjọ̀dún tó wọlé, a ó ta gbogbo ìwúkàrà wa, ìyẹ̀fun náà pẹ̀lú, fún ẹni tí kì í ṣe Júù, títà tòótọ́, kí ó má bàa jẹ́ tiwa mọ́. Olùtajà yóò na aṣọ ìnujú, olùrajà yóò di etí rẹ̀ mú, a ó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Bí àjọ̀dún bá parí, òun yóò tà á padà fún wa. Rábì ní, "Obìnrin tó ń gbé ìyẹ̀fun wá bá wa lẹ́yìn àjọ̀dún, ṣé a ó tún máa wá olùrajà kiri?" Báyìí ni Ìyá Ghassan ṣe di ẹni tí ó ń ra ìwúkàrà ìjọ Ilẹ̀kùn Àánú. Lọ́dọọdún, bí ó bá ti gba kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Lọ́dún yìí, mi ò dá a padà o! Èmi ni mo ni gbogbo rẹ̀. Ebi ni yóò kọ́ yín lọ́gbọ́n." Màmá á ní, "Olè òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Wọn á rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Láti ọdún 1970 títí di 2003, Màmá jẹ́ alásè ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan. Sáàmù ló fi ń jí, Sáàmù ló fi ń sùn. Ó wà lára àwọn obìnrin tí ń wẹ òkú obìnrin. Kì í sọ ohun tí ó bá rí lára òkú, kì í sì í gba ọpẹ́, nítorí òkú nìkan ni kò lè san oore padà.

Nígbà tí ìjà ìgboro dé àdúgbò wa ní ọdún 2000, tí wọ́n ń sọ òkúta lu ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń dáná sun ọkọ̀, Rábì Dadon dúró níwájú Àpótí Òfin, ó bi ìjọ pé, "Lójoojúmọ́ là ń tọrọ àlàáfíà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ wa ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ni yóò tún bá wa rìn ín?" Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni Ilé Ìyẹ̀fun ti bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn sínágọ́gù. Ní gbogbo ọjọ́rú, àwọn obìnrin Júù àti àwọn obìnrin Palẹ́sítínì á jọ wọn ìyẹ̀fun, epo àti ẹ̀wà sínú àpò fún ilé tí kò ní, láìbéèrè ilé ta ni. Màmá ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọn á jókòó yíká, ẹnì kan á sọ ìbànújẹ́ ilé rẹ̀. Òfin kan ló wà níbẹ̀: a kì í fi àríyànjiyàn dá ẹkún lóhùn.

Níbi ìjókòó náà ni Ìyá Ghassan ti sọ̀rọ̀ yàrá ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ iyọ̀ pọ̀ fún bí ogójì ọdún, ọjọ́ náà ni Màmá gbọ́ pé orí ibùsùn Nazmiyya lòun ń sùn. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó gòkè, ó ní kí Ìyá Ghassan pe Gásà lórí fóònù, ó sì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tí yóò sọ. Nazmiyya ló sọ̀rọ̀.

"Igi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ilé, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà. Ó ń so."

"Ta ló ń bomi rin ín?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́."

Láti ìgbà náà, bí igi náà bá ti so, Màmá á pe Gásà láti ròyìn rẹ̀. Ohun tó lè ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ pé kò tó.

Bàbá wa, Makhluf, sùn ní ọdún 2009. Ghassan wà lára àwọn tó gbé e.

Ẹ̀yin ará, a ti dé ibi tó ṣòro. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ní oṣù kejìlá, wọ́n pa Nehorai nínú ogun náà, ọmọ Vered, ọmọ-ọmọ tí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wò dàgbà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Ilé Màmá la ti jókòó ọ̀fọ̀ fún ọjọ́ méje. Òun àti Vered wà nílẹ̀, aṣọ wọn fàya. Ìyá Ghassan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó gbé ìkòkò ẹ̀wà lẹ́ńtìlì dání, nítorí ó mọ̀ pé oúnjẹ ọlọ́fọ̀ wa nìyẹn: ẹ̀wà náà rí róbótó, kò ní ẹnu, bí ọlọ́fọ̀ kò ṣe ní ẹnu. Kí ó tó gbé ìkòkò náà kalẹ̀, àlejò kan ké láti igun yàrá: "Kí ni èyí ń wá níbí? Ṣé kì í ṣe àwọn ènìyàn rẹ̀ ló pa ọmọ yìí?"

Ìyá Ghassan wo Màmá. Màmá wo ilẹ̀. Ìyá Ghassan gbé ìkòkò náà sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gòkè lọ.

Ibi tí Màmá ti dákẹ́ nìyẹn.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ogun wó ilé lu Nazmiyya ní Gásà, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. A gbọ́ ẹkún lórí àjà. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n Màmá mọ̀, ó mọ̀ dájúdájú, kò sì gòkè. Ìtìjú ti dè é ní ẹsẹ̀. Ìjókòó oṣooṣù dáwọ́ dúró. Àwọn obìnrin Palẹ́sítínì kò wá sí Ilé Ìyẹ̀fun mọ́. Ẹni tí ebi ń pa nìkan ló ń wá.

Nígbà tí Ìrékọjá ọdún 2024 kù díẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó. Vered ní, "Kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́kọ́rọ́ wa lé wọn lọ́wọ́." Rábì ní kí a má yí olùrajà padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ìyá tó ṣòfò ọmọ lóhùn? Ọ̀gbẹ́ni Pinhas Tapiero, alábòójútó sínágọ́gù, wá àjèjì kan ní ìlú mìíràn tí yóò ra ìwúkàrà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àjọ̀dún yóò wọlé, Pinhas já wọ ilé ìdáná Màmá, òógùn bò ó.

"Ìyá Asher, ọkùnrin yẹn ò wá mọ́! Ó ní àwọn ará ilé òun ò gbà."

Ilé Ìyẹ̀fun kún dé àjà. Bí a kò bá tà á kí ọ̀sán tó pọ́n, ó di èèwọ̀. A ó sun ún. Ilé tí kò ní, ti Júù àti ti Palẹ́sítínì, àpò wọn wà nínú rẹ̀.

"Rábì ńkọ́?" ni Màmá bi í.

"Rábì ní, 'Ẹ ò gbọ́ tèmi níjọ́sí. Olùrajà yín wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.'"

"Ṣé o ní ẹsẹ̀, Pinhas?"

"Mo ní in."

"Àtẹ̀gùn nìyẹn. Gùn ún."

"Ojú ń tì mí, Ìyá Asher."

"Èmi ńkọ́?" Ó nu ọwọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó gòkè. Pinhas tẹ̀ lé e, ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Òun ló ròyìn ohun tó gbọ́ fún wa.

Ìyá Ghassan ṣí ilẹ̀kùn. "Ìyá Asher. Ọ̀nà jìn o."

"Ọ̀nà jìn. Ẹsẹ̀ mi wúwo."

"Ẹsẹ̀ ni, àbí ẹnu?"

"Ẹnu ni."

"Nígbà tí Nazmiyya kú, mo fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kí o lè gbọ́."

"Mo gbọ́."

"O gbọ́!"

"Mo gbọ́, mo fi ìrọ̀rí bo etí. O gbé oúnjẹ wá sílé mi, wọ́n bú ọ, mo dákẹ́. Orí ibùsùn rẹ̀ ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ẹkún rẹ, mi ò gòkè. Mi ò ní àwáwí."

"Ìyẹ̀fun lo wá nítorí rẹ̀ báyìí. Ká ní kò sí ìyẹ̀fun ńkọ́?"

"Ká ní kò sí ìyẹ̀fun, ìtìjú ì bá pa mí sísàlẹ̀ níbẹ̀. Lé mi bí o bá fẹ́ lé mi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n sun oúnjẹ olóúnjẹ."

Ìyá Ghassan wá ní, "Jókòó. Sọ orúkọ tìrẹ, kí n sọ tèmi." Màmá ní, "Nehorai." Ìyá Ghassan ní, "Nazmiyya. Yamen. Tala. Mus'ab. Rital kékeré." Kò sí ẹni tó fi àríyànjiyàn dá ẹkún lóhùn. Lẹ́yìn náà Màmá na aṣọ ìnujú rẹ̀ fún títà. Omijé ti rin ín. Ìyá Ghassan di etí kejì mú, ó fi nu ojú tirẹ̀ pẹ̀lú, kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí Ìyá Ghassan tó sọ ọ́: "Lọ́dún yìí, mi ò dá a padà o."

Màmá ní, "Olè òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Ní ìrọ̀lẹ́ Mímúnà ọdún náà, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, àwo ìyẹ̀fun sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ tábìlì ìjọ kò ní àlejò. Vered kò wá. Ó ní òun kò bá ìyá òun jà, òun kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n òun kò lè jẹ ìyẹ̀fun náà. Màmá kò bá a wí. Ó kàn ń bu tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń bò ó mọ́ àwo. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọdún 2025. Àwọn obìnrin padà sí Ilé Ìyẹ̀fun ní méjì méjì, lẹ́yìn náà ní mẹ́ta mẹ́ta, ìjókòó oṣooṣù sì tún bẹ̀rẹ̀, àga Vered ṣófo níbẹ̀.

Nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá Màmá dùbúlẹ̀, ohun kan ló ń dà á láàmú. Ó di ọwọ́ Vered mú, ó ní, "Èmi lọ́jọ́ tí mo dákẹ́, mo rò pé nítorí rẹ ni, kí n má bàa dá kún ọgbẹ́ rẹ. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọmọ mi, ta ni yóò gun àtẹ̀gùn náà?" Màmá kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2025, láìgbọ́ ìdáhùn. Èyí ló ń dun wá jù lọ títí di òní.

Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Asher, Amram àti Vered. Ó fi ọmọ-ọmọ sílẹ̀: Hodaya, Makhluf kékeré, Avishag, Elroi àti Shaked; àti ọmọ ọ̀kan nínú wọn, Yahya, tí kò tíì mọ̀ pé ìyá ńlá ti lọ. Nehorai ti ṣáájú rẹ̀ dé ibi tí kò sí ogun. Ó fi ìjọ sílẹ̀, ó fi igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀ tó ń so lọ́wọ́, ó sì fi ọ̀rẹ́ kan sílẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ní ọjọ́ kẹta ìjókòó ọ̀fọ̀ Màmá, ilé kún. Ìyá Ghassan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìkòkò ẹ̀wà lẹ́ńtìlì dání, ìkòkò kan náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó fẹ́ gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ó padà. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ àṣà wa: ọlọ́fọ̀ kì í dìde fún ẹnikẹ́ni, ọba ì báà wọlé. Vered dìde. Ó fi aṣọ fífàya rẹ̀ rìn la àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Wọlé, Ìyá Ghassan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kí ó wá sọ ọ́ fún mi."

Ó fi arúgbó náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, ó bu ẹ̀wà náà, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, pé, "Bí Ìrékọjá bá dé, èmi ni n ó gbé kọ́kọ́rọ́ gòkè wá."

Ìyá Ghassan ń sunkún. Ó wá ní, "Lọ́dún yẹn, mi ò ní dá a padà o."

Vered kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń dáhùn. Asher ló bá a sọ ọ́ láti igun yàrá.

Màmá, o ti gbọ́ ìdáhùn rẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà lórí ibojì rẹ yìí, tiwa ni. Èyí tí ó funfun láàárín wọn, ọ̀rẹ́ rẹ ló mú un wá láti ẹsẹ̀ igi ọsàn. Kí Ọlọ́run so ọkàn rẹ mọ́ ìdì ìyè. Ọmọ odò tí ń kún wọlé láìkan ilẹ̀kùn, o ti dé ilé. Fara balẹ̀ sùn, Ìyá Asher. A kò ti ilẹ̀kùn.